Ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ: ìmọ̀ràn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ẹlòmíràn gbé yàrá

Nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bójú tó ní Ìwòròkò, kì í ṣe ọmọ tó ń pariwo ni mo máa ń ṣọ́ jù. Ọmọ tó ń pariwo, gbogbo ilé ló mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tí wọ́n lo omi rẹ̀ tán tí kò wí nǹkan kan, tí wọ́n jẹ gàrí rẹ̀ mọ́ ọn lójú tó rẹ́rìn-ín, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu fèrèsé rẹ̀ tó kàn kọjú sí ògiri, òun ni mo máa ń yà kí lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí lọ́jọ́ tí yóò bá fèsì, ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ fò wá síta kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwòròkò kò jìnnà sí yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìyẹn EKSU, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú ilé mi. Mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Ohun tí mo máa ń bá wọn sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ńṣì ìta nípa ọgbọ́n ìmọ̀lára, ìyẹn mímọ ohun tó ń ṣe ọkàn ẹni àti ti ẹlòmíràn, ni mo kọ síbí, torí pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá ní sáà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú tuntun.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, mọ ohun tí a ń sọ

Ní 1990, àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n fi sọ pé ọgbọ́n kan wà tó dá dúró lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n pè ní ọgbọ́n ìmọ̀lára (emotional intelligence), tí kì í ṣe ti ìṣirò, tí kì í sì í ṣe ti àtisọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n wá là á sí mẹ́rin lẹ́yìn náà: kí èèyàn lè rí ìmọ̀lára lára ara rẹ̀ àti lójú ẹlòmíràn, kó lè lò ó láti ronú, kó yé e ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, kó sì lè darí rẹ̀. Ní 1995, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Daniel Goleman kọ ìwé tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe sẹ́mínà ti ń pariwo pé ọgbọ́n ìmọ̀lára ju ọpọlọ pípé lọ fíìfíì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì wúlò. Ní 2020, olùwádìí kan, Carolyn MacCann, ní Sydney lórílẹ̀-èdè Australia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ, èyí tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 42,000. Wọ́n rí i pé àwọn tó ní ọgbọ́n yìí ń ṣe dáadáa díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ọpọlọ àti ìtara síṣẹ́ ló ṣáájú rẹ̀. Nítorí náà, kàwé rẹ ná. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tí orí rẹ̀ pé tó já kọ́ọ̀sì nítorí pé òun àti ẹni tí wọ́n jọ ní ìwé kan ṣoṣo kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o mú kúrò lọ́kàn: ọgbọ́n yìí kì í ṣe ìwà jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lè máa gbé majele káàkiri nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tó lẹ́nu lè mọ ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn ju gbogbo wa lọ.

Bẹ̀rẹ̀ láti ara

Kí o tó mọ̀ pé inú ń bí ọ, ara rẹ ti mọ̀. Ẹlòmíràn, àgbọ̀n rẹ̀ ló máa ń le. Ẹlòmíràn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa làágùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni inú máa ń run ní àárọ̀ ìdánwò tí wọ́n á máa dá ẹ̀wà àná lẹ́bi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí o mọ tìrẹ. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, má gbìyànjú láti tún ohunkóhun ṣe. Ṣáà máa wò.

Mú nǹkan mẹ́ta tí o ń ṣe lójoojúmọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni rán ọ létí: nígbà tí o bá ń pọn omi láàárọ̀, nígbà tí o bá dúró de kẹ̀kẹ́ ní títì tó lọ sí Ìfàkì, nígbà tí o bá sùn sílẹ̀ lálẹ́. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bi ara rẹ: àyà mi ńkọ́? Èjìká mi ńkọ́? Ikùn mi ńkọ́? Kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sí ẹ̀yìn ìwé rẹ. Má kọ ọ́ sórí fóònù o. Bí o bá ṣí fóònù láti kọ ọ́, wàá rí bàtà tuntun ẹnìkan lórí status WhatsApp, ohun tí o sì fẹ́ kọ yóò ti di nǹkan mìíràn.

Kí o tó sọ pé ẹnìkan ló mú ọ bínú, bi ara rẹ bóyá o ti jẹun. Mi ò fi ṣeré. Ìjà tó bá wáyé nínú ilé mi, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, láàárín ìgbà tí wọ́n ti ilé ìwé dé sí ìgbà tí oúnjẹ jinná ni. Ọ̀sẹ̀ tó kángun sí ìgbà tí owó máa ń ti ilé wá tún burú jù ú lọ. Oorun náà ńkọ́? Lákòókò ìdánwò, gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe TDB, wọ́n á kàwé mọ́jú. Ẹni tí kò sùn, ojú lásán ni yóò máa kà sí ìkorò, ẹ̀fẹ̀ á di èébú létí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nílé mi tó jẹ́ pé bó bá ti ṣe TDB, yóò sọ fún àwọn alábàágbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán: "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sùn o. Ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ fojú fò ó." Kò ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Wá orúkọ tó bá a mu

Bí o bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tó ń ṣe é, ìdáhùn méjì ló wà: "Kò sí nǹkan kan" àti "Inú ń bí mi." Èkejì yìí ni wọ́n fi ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wá láti Ìlawẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọmọ Èkó kan àti ọmọ Ìbàdàn kan ló bá nínú yàrá. Bó bá ti ní òun ń lọ "ulé", gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ilé lọ́dọ̀ wa, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi di orúkọ: "Ulé ti dé o!" Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣe, ó ṣe, lọ́jọ́ kan ó da korobá omi kan sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ Èkó. Wọ́n fà á wá bá mi.

Mo ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

Ó ní, "Mọ́mì, inú ń bí mi ni."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọ?"

Ó ronú díẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n pè mí ní Ulé níwájú àwọn ọmọ kíláàsì wa. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀."

"Ìgbà tí wọ́n ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ńkọ́?"

"Ìyẹn kò dùn mí rárá. Ẹ̀fẹ̀ ni."

Mo ní, "Ojú ló tì ọ́, ọmọ mi." Kò dáhùn, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

Ìtìjú àti ìbínú kì í béèrè ohun kan náà. Bó bá jẹ́ ìbínú ló pè é, kò sí òpin sí omi tí yóò máa dà. Nígbà tó mọ̀ pé ìtìjú ni, gbólóhùn kan ló tó, ó sì sọ ọ́ fún wọn níwájú mi: "Nínú yàrá, ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Bí a bá dé kíláàsì, orúkọ mi ni kí ẹ pè." Ẹnu ya ọmọ Èkó, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìlawẹ̀ sá bẹ́ẹ̀dì náà sóòrùn, ó sì fọ aṣọ rẹ̀.

Bí "inú ń bí mi" bá ti dé ẹnu rẹ, wádìí rẹ̀ wò: ṣé wọ́n tàbùkù mi ni? Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Ṣé ẹ̀rù ló ń bà mí? Ṣé mò ń jowú ẹnìkan? Ṣé àárò ilé ló ń sọ mí? Àbí ó kàn rẹ̀ mí? Kọ èyí tó bá bá a mu sílẹ̀ ní èdè tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ, ì báà jẹ́ ti abúlé yín. Ní 2007, olùwádìí kan, Matthew Lieberman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California tó wà ní Los Angeles fi àwòrán ojú àwọn èèyàn tó ń bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà han àwọn kan, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ tó bá ìmọ̀lára inú àwòrán náà mu, amygdala, ìyẹn apá ọpọlọ tó máa ń ta gìrì sí ewu, máa ń rọlẹ̀. Orúkọ nìkan ni wọ́n pè o, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n.

Gbígbé mì kì í ṣe sùúrù

Sùúrù ni baba ìwà, gbogbo wa la gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́ láti ilé ni pé kí wọ́n gbé e mì. Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, James Gross àti Robert Levenson, ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn wo fíìmù tó ń rí ni lára, wọ́n sì ní kí àwọn kan má ṣe jẹ́ kí ojú wọn sọ ohunkóhun. Ojú wọn dákẹ́ lóòótọ́. Ara wọn kò dákẹ́: ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ wọn fi hàn pé iṣẹ́ pọ̀ sí i nínú lọ́hùn-ún. Ìwádìí tí Gross tún bá Jane Richards ṣe fi hàn pé àwọn tó ń fi ojú pamọ́ kì í rántí ohun tí wọ́n gbọ́ tó àwọn yòókù.

Ronú sí ìyẹn nínú kíláàsì. Olùkọ́ ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀rẹ̀ lẹ́kíṣọ̀. O fa ojú ró, o ń ṣe bí ẹni pé kò sí. Wákàtí méjì kọjá, ohun tó kọ́ yín kò wọ̀ ọ́ lórí, o sì tún ń rò pé o ṣe bí àgbà.

Ọ̀nà tó dára ju ìyẹn ni kí o tún ọ̀rọ̀ náà wò kó tó gbóná. Nílẹ̀ wa níbí, ìkíni lẹrù: bí ọ̀rẹ́ rẹ bá kọjá láì kí ọ, ọkàn rẹ ti dájọ́. Kí o tó dájọ́, wá ìdí mẹ́ta mìíràn tó ṣeé ṣe. Bóyá èsì tẹ́ẹ̀sì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Bóyá kò wọ gíláàsì ojú rẹ̀. Bóyá nǹkan oṣù ń ṣe é, inú sì ń run ún. Kò pọn dandan kí o gba èyíkéyìí nínú wọn gbọ́. Wíwá wọn nìkan ti dín ooru kù.

Àmọ́ o, ibì kan wà tí a kì í ti í tún ọ̀rọ̀ wò. Bí olùkọ́ bá ní kí o wá rí òun ní hòtẹ́ẹ̀lì nítorí máàkì, tàbí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ bá gbá ọ létí, ìbínú tó bí ọ níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Tọ́jú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́, sọ fún àgbàlagbà tó lè dúró tì ọ́, kí o sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n ìmọ̀lára pa ọ́ lẹ́nu mọ́ nípa irú èyí, ọ̀tá rẹ ni.

Pinnu kí ọ̀ràn tó dé

"Màá máa ní sùúrù láti òní lọ." Ìpinnu yìí kì í pẹ́ kú. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí irú ìpinnu mìíràn: bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe. Ẹni tó bá ti so ohun tí yóò ṣe mọ́ ibi àti àsìkò kan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní èrò rere lọ, torí pé nígbà tí ọ̀ràn bá dé, àyè ìrònú kì í sí. Díẹ̀ nìyí lára èyí tí àwọn ọmọ ilé mi ti lò:

Bí mo bá wọlé tí mo rí ìkòkò mi tí wọ́n lò láì fọ̀, màá gbé báàgì sílẹ̀, màá pààrọ̀ aṣọ, màá jẹun, kí n tó béèrè ẹni tó lò ó.

Bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi fún ìbáwí, màá kọ déètì ọjọ́ náà sórí ìwé mi, màá tú èémí jáde díẹ̀díẹ̀, kí n tó dáhùn.

Bí kò bá gbé fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni màá pè é.

(Ìkẹta yìí ló ṣòro jù fún wọn.)

Títú èémí jáde yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Bí a bá ń mí síta pẹ́, ọkàn á dín ìlù rẹ̀ kù, ìwọ náà fi ọwọ́ kan ìṣàn ọrùn ọwọ́ rẹ kí o wò ó. Mú ìpinnu ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kọ ọ́, kà á sókè. Ọmọ kan kọ mẹ́rìndínlógún sára ògiri mi pẹ̀lú máákà. Kò rántí ọ̀kan, èmi ni mo sì kun ògiri.

Láti mọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn

Ìkíni wa dùn, ṣùgbọ́n ó tún ń bo nǹkan. "Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́." Ẹni tí wọ́n ń lé kúrò ní ilé ìwé á dúpẹ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní ọsibítù á dúpẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, béèrè ohun tí a kò lè fi "a dúpẹ́" dáhùn: "Kí lo jẹ lónìí?" "Aago mélòó lo sùn lánàá?" "Ta lo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" Kí o wá dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló ṣòro fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n ti máa ń di ìdáhùn lẹ́nu kí o tó sọ̀rọ̀ tán.

Máa wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù náà. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ọmọbìnrin kan ń fi káríófà rẹ̀, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó já tó sì ní láti tún ṣe, dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lára yá lójoojúmọ́, ó ní òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olókáríófà. Alábàágbé rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé kì í jẹun mọ́ bó bá ti ṣe ẹ̀fẹ̀ náà tán.

Bí ẹnìkan bá wá sọ ẹjọ́ fún ọ, tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un kí o tó fèsì: "Ohun tí mo gbọ́ ni pé kì í ṣe owó náà ló dùn ọ́, pé mo lọ sọ fún ẹlòmíràn ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, jẹ́ kó tún un sọ. Bí méjì bá ń jà nínú ilé mi, mi ò kì í dá ẹjọ́ kí oníkálukú tó ro ẹjọ́ ẹnìkejì lẹ́nu ara rẹ̀ débi tí ẹni yẹn á fi sọ pé, "Hẹn, ohun tí mo ń sọ nìyẹn." Nígbà míì, bá a bá ti dé ibẹ̀, ẹjọ́ ti tán.

WhatsApp wá ńkọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn tó sọ ọ́ kò sì tíì rí fóònù. Aṣojú kíláàsì kan kọ sínú gúrúùpù pé, "Àwọn tí kò tíì san owó handout mọ ara wọn." Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn gbà pé òun ni wọ́n ń ba wí. Ó fi èébú gígùn dáhùn, gbogbo kíláàsì sì dá sí i. Kò sí ẹni tó ní in lọ́kàn. Òfin tí mo fún wọn ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ti dùn ọ́, inú ìwé ni kí o kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, kì í ṣe inú àpótí ìfiránṣẹ́ níbi tí ìka lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ méjì kò bá parí ọ̀rọ̀, gba ẹnu ọ̀nà ẹni náà lọ tàbí kí o pè é. Àmì búlúù tó fi hàn pé ó ti kà á kì í ṣe ìwọ̀sí. Ìjà kì í sì í gun orí status, torí pé lọ́la ẹ ó parí rẹ̀, àwọn tó kà á kò ní mọ̀ pé ó parí.

Bí o ṣe máa gbé ẹ̀sùn kalẹ̀, àti bí o ṣe máa bẹ̀bẹ̀

Má gbé ẹ̀sùn kalẹ̀ lóru, má gbé e kalẹ̀ níwájú àlejò, má sì ko ti oṣù tó kọjá mọ́ ti òní. Ohun mẹ́ta ni kó wà nínú rẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣe sí ọ, ohun tí o fẹ́. "Gáàsì tí mo rà lọ́jọ́ Mọ́ńdè ti tán lónìí. Ó ká mi lára torí mi ò ní owó òmíràn títí oṣù á fi parí. Mo fẹ́ kí a jọ máa dáwó rẹ̀, tàbí kí oníkálukú ra tirẹ̀." Fi wé "Ọ̀kánjúwà ni ẹ nínú yàrá yìí." Èkejì dùn ún sọ, àmọ́ gáàsì kò ní padà wá.

Ẹ̀bẹ̀ náà ní bó ṣe ń rí. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, máà bínú" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Dárúkọ ohun tí o ṣe, sọ ohun tó dá sílẹ̀ fún un, sọ ohun tí wàá ṣe sí i, kí o sì ṣe é kó tó di ọjọ́ mìíràn. Má béèrè bóyá ó ti dárí jì ọ́. Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde

Èkìtì ni wọ́n ti máa ń sọ pé kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Iyì ni, mo sì ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó já kọ́ọ̀sì kan ní irú ilẹ̀ báyìí, ojú gbogbo ìdílé ló rò pé òun fi gbolẹ̀. "Mo já kọ́ọ̀sì kan" yóò di "olódo ni mí" kó tó ti fóònù kúrò lójú.

Nítorí náà, ṣètò ọjọ́ yẹn kó tó dé. Jẹun kí o tó ṣí èsì. Yan ẹnìkan tí wàá sọ fún lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kí èsì rí. Lẹ́yìn náà, kọ ìbéèrè rẹ sínú ìwé, mú un lọ bá level adviser yín, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún yín sọ́nà: ṣé máàkì tẹ́ẹ̀sì wọlé? Sáà wo ni mo lè tún kọ́ọ̀sì náà ṣe? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti sunkún lórí èsì tó jẹ́ pé máàkì kan ni kò wọlé. Ẹni tí ojú ń tì kì í lọ béèrè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ àtifi ẹjọ́ sùn ń lọ.

Èyí tó ju ti bẹ́ńṣì lọ

Bí ẹnìkan kò bá sùn dáadáa, tí kò jẹun, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí èyí sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìmọ̀lára mọ́, ó lè jẹ́ àìsàn. Bó bá ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, bi í gbangba: "Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà sí èèyàn lọ́kàn, ó sábà máa ń tú u sílẹ̀ ni. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, má sì búra fún un pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn wà ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn ńlá sì wà ní Adó àti ní Ìdó-Èkìtì. Bá a lọ fúnra rẹ. Àdúrà dára, ẹ lè gbà á nínú ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń lọ.

Ẹ̀yin òbí

Ẹ̀yin lẹ máa ń pe fóònù mi nígbà tí ọmọ kò bá gbé tirẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ tèmi. Bí ẹ bá pe ọmọ, ẹ má fi "Ìwé ńkọ́?" ṣíwájú. Ẹ béèrè ohun tó jẹ, ẹ béèrè alábàágbé rẹ̀ ní orúkọ. Ẹ má mẹ́nu kan ọmọ Bàbá Ṣẹ́gun tó gba first class. Ó ti mọ̀ ọ́n, ó ń rí i lórí Facebook.

Bó bá pè yín tó ní òun ní káríófà, èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ni yóò pinnu bóyá yóò tún pè yín lọ́jọ́ mìíràn tí nǹkan bá ṣe é. Ẹ ní kó dárúkọ kọ́ọ̀sì náà fún yín. Ẹ bi í bóyá ó ti rí level adviser rẹ̀. Ẹ bi í ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá báyìí. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.